Ọlọ́dà àti Ògbólógbòó Iyọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé wa ní Upney, ní ìlà-oòrùn London, mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, kò sí èyí tó lẹ́wà tó oyè. Oyè ń múni ga láìwọ bàtà gogoro. Oyè ń fúnni ní àga iwájú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road tó tutù ju ìta lọ, kálukú ló ní tirẹ̀: ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ń jẹ́ Ẹnjiníà, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ń jẹ́ Dókítà. Bàbá mi ń jẹ́ Kápítéènì.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ lójú òkun lóòótọ́, láti Èkó wá sí London, ṣùgbọ́n kò darí ọkọ̀ kankan rí. Ó ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń fa okùn, ó ń kun irin lọ́dà. Àṣà náà tẹ̀ lé e wálé. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, màá kúnlẹ̀ ti èmi ti búrọ́ọ̀ṣì, màá fi omi ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá fo igun kan, màá tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni Ọ́ńkù Láyí, ará Ìjẹ̀bú tí òun àti bàbá mi jọ fọ ilẹ̀ ọkọ̀, máa ń ti Dagenham wá pẹ̀lú ẹja díndín gbígbóná. Kì í tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Láti ìta ló ti máa ń pariwo pé, "Jáàkì Ọlọ́dà, ṣé o ṣì wà láyé?" Bàbá mi á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ògbólógbòó Iyọ̀, wọlé, ẹja ń tutù."

Àwọn òyìnbó àgbà inú ọkọ̀ ló kọ́ wọn ní orúkọ wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe ń pe atukọ̀ lásán láyé àtijọ́ nìyẹn: Jáàkì, orúkọ tó bá ẹnikẹ́ni mu; Ọlọ́dà, nítorí ọ̀dà tí wọ́n ń fi pa aṣọ kí omi má baà wọ̀ ọ́; Iyọ̀, nítorí iyọ̀ òkun tó gbẹ mọ́ wọn lára; Ajá Òkun, fún ẹni tó ti pẹ́ lórí omi. Èmi ni Ọmọ Ajá Òkun. Wọ́n á fún mi ní ìrù ẹja tó ń ta kàkà lẹ́nu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Màmá mi kò fẹ́ràn àwọn orúkọ náà. Òun ló sọ bàbá mi di Kápítéènì, ó sì ti ṣe wàhálà gidi lórí àga iwájú yẹn. Nígbà tí Ọ́ńkù Láyí fẹ́ bá wa ṣe ìkórè, màmá mi bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe bàbá Dúpẹ́ ní Ọlọ́dà lójú ìjọ. Ẹ bá wa bo àṣírí."

Ó bá wa bò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú gbogbo ìjọ, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìkórè, Kápítéènì, sà." Inú màmá mi dùn. Bàbá mi na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó tún ká ọwọ́ náà kò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọ́ńkù Láyí tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sí etí àga, ó béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?" Kò fọwọ́ kan ẹja. Ó rò pé bàbá mi ló rán màmá mi sí òun. Kò tún wá mọ́. Bàbá mi pè é lórí fóònù títí, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀bẹ̀ màmá mi. Ọ́ńkù Láyí ní òun gbọ́, iṣẹ́ ló dí òun lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá mi gbé fóònù sílẹ̀, ó wo èmi àti màmá mi.

"Ẹ ti sọ ọ̀rẹ́ mi di ọmọ iṣẹ́ mi."

Lóde òní, kápẹ́ẹ̀tì ti bo àtẹ̀gùn wa, àwọn ọmọ mi kì í kúnlẹ̀ fọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti lọ. Nígbà míì mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Creekmouth, kí n lè dúró níbi tí odò kékeré kan ti ń wọnú odò Thames kí n sì gbóòórùn ẹrẹ̀ àti irin. Nígbà yẹn, ẹnì kan wà láyé tó lè pe bàbá mi ní orúkọ tó dọ̀tí, tí ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀. Ní tèmi, kò ṣẹ́ ku ẹnì kan tó lè pè mí ní Ọmọ Ajá Òkun.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo fi ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Bí wọ́n bá sì pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dáhùn.