Ọwọ́ Tí Mo Bẹ̀

Télọ̀ ni mí, n kì í sì í bẹ ìyàwó mi. Láti ọdún méjìlélógún tí a ti jọ ń gbé, bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, aṣọ tuntun ni mo máa ń rán fún un, kí ọ̀rọ̀ lè kọjá lọ. Aṣọ rẹ̀ pọ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ tí pátákó ṣọ́ọ̀bù mi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyàwó mi ní kí n pe káfíńtà. Mo kọ etí ikún sí i. Èmi tí òòyì máa ń kọ́ lórí àpótí ìjókòó, mo gun àkàbà. Gbì ni mo balẹ̀, apá ọ̀tún tí mo fi ń gé aṣọ sì ṣẹ́. Ìyàwó mi gbé mi dé ọsibítù, ó dúró tì mí, ṣùgbọ́n fún odidi ọjọ́ méjì kò sọ ju "Ẹ jẹun" lọ. Ìyẹn dùn mí ju egungun lọ. Ẹ̀rù bà mí pé aṣọ kò ní lè yanjú eléyìí, ọwọ́ tí màá sì fi rán an ló ti ṣẹ́ yìí.

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ní kí dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́ akunnilóorun kúkú jẹ́ kí n sùn lọ. Obìnrin ni, kò ju ọmọ mi lọ. Ó ní kò pọn dandan: abẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ọrùn, níbi tí àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí apá mọ ìrora ti pàdé, ti tó. Láìpẹ́, apá mi gbóná, ó wúwo, ó sì kú pátápátá.

"Títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní mọ ibi tí ọwọ́ yìí wà," ó kìlọ̀. "Ojú ni kí ẹ máa fi wá a."

Mo ní ṣé èmi àgbàlagbà ni n kò ní mọ ibi tí ọwọ́ mi wà.

Wọ́n to egungun náà, n kò mọ nǹkan kan lára. Nígbà tí wọ́n gbé mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dijú. Lójú tèmi, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ṣe wà nígbà abẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ òsì kan àyà, mo bá ọwọ́ kan níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo rò pé ìyàwó mi ló gbé ọwọ́ lé mi láyà, pé ó ti yọ́nú. Mo fọwọ́ pa àwọn ìka náà. Àtàǹpàkò yi bí awọ bàtà. Àánú ṣe mí: iṣẹ́ ilé mi ló sọ ọwọ́ obìnrin yìí dà báyìí, n kò sì kíyè sí i rí.

"Ìyá wọn," mo ní, "ẹ̀bi mi ni. O sọ fún mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Bàbá wọn," ohùn rẹ̀ dún láti ẹnu ọ̀nà, "ọwọ́ ara yín lẹ ń bẹ̀."

Mo lajú. Apá mi ló sùn sórí àyà mi, báńdéèjì bò ó, ìka nìkan ló yọ síta. Ìyàwó mi gbé fúláàsì tíì kalẹ̀, ó jókòó, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ òsì.

"Tèmi rèé. Ẹ tún un sọ."

Mo dì í mú. Ó yi ju tèmi lọ. Ojú tì mí, mo sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.