Ìka Ọkọ Mi ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, olè jà ní ilé ìkẹ́rùsí etí odò tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá fi tàdáwà kun ìka gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nígbà tó yá, ọwọ́ tẹ olè náà. Kì í ṣe ọkọ mi.

Ló bá ní kí n bá òun lọ sí àgọ́, òun fẹ́ gba ìwé ìka òun.

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. “Baba ọmọ, ìka mẹ́wàá lo gbé wá, mẹ́wàá náà lo gbé lọ. Kí la tún jẹ ọ́?”

“Ẹ ti mú olè, sà. Kí lẹ fẹ́ fi tèmi ṣe?”

“Ó lè wúlò lọ́jọ́ mìíràn.”

A padà sí ilé wa ní Kpata lọ́wọ́ òfo.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n fá irun ọmọ. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ń ṣa irun náà lórí ẹní kí ó lè rì í mọ́lẹ̀, kí ẹni tí a kò mọ̀ má baà rí i mú lọ.

“Ìyá mi, ẹ ṣà á dáadáa o,” ni ọkọ mi wí. “Tèmi ti wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá.”

Omi bọ́ lójú ọkọ mi níwájú àlejò. Mo nawọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ láti dì í mú, ó sì rọra fà á bọ inú apá agbádá rẹ̀.