Bọ́ǹbù tó Dá Bàbá Padà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tiransífọ́mà bú gbàmù ládùúgbò wa ní Yaba, ìmọ́lẹ̀ funfun sì kún pálọ̀. Lójú ẹsẹ̀, mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nílé Bàbá àgbà ní Mushin.

Bàbá bá àwọn ará Japan jagun ní Bọ́mà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn róòbù ń jáde lára orúnkún rẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fi bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Japan hàn. Èéfín náà wú sókè bí olú ńlá. Mo pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó, ó mà rẹwà o!"

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi. "Àwa náà pàtẹ́wọ́," ló wí. "Wọ́n ní ogun parí, a sì jó títí ilẹ̀ fi ṣú. A ò mọ̀ pé àwọn ọmọdé ló jóná."

Màmá àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Bọ́ǹbù yẹn ló dá yín padà fún mi. Bí kò bá sí i, ta ni ì bá bí bàbá ọmọ yìí?"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," Bàbá dá a lóhùn.

Mo rò pé bọ́ǹbù ń bọ̀ wá sí Mushin ni, mo bá sá sábẹ́ tábìlì. Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé Bàbá ò lè sọ pé ì bá dára ká ní wọn ò ju bọ́ǹbù yẹn, láì jẹ́ pé ó ń sọ pé ì bá dára ká ní wọn ò bí mi.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà mí jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì gbá mi mọ́ra títí ó fi ń dùn mí.