Ẹ̀rín Tí Tíṣà Eunice Tì Mọ́lé

Ní gbogbo Àrándùn, kò sẹ́ni tó rí eyín Tíṣà Eunice rí. Àwọn ọmọ iléèwé ní igi gbígbẹ ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbéraga ni. Wọn ò mọ̀ pé bí ẹ̀rín bá gbé e lójijì, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, ọrùn á dẹ̀, á sì wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Á máa gbọ́ ohun gbogbo, kò kàn ní í lè lanu ni. Ìdí nìyẹn tó fi ti ẹ̀rín mọ́lé láti ọmọ ogún ọdún. Oorun ní tirẹ̀ kì í bèèrè àyè: ó lè mú un lórí ọ̀kadà, ó lè mú un níbi tó ti ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sùn kí wọ́n tó ṣe àmín. Dókítà kan n'Ílọrin ló wá sọ fún un pé àìsàn ni, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ó sì fún un ní oògùn tí ń lajú ẹni, hóró kan láràárọ̀.

Nígbà tí gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ tóbi débi pé mímí dogun, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn kan l'Ómù-Àrán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládiípọ̀, wá láti Èkó. Ọ̀gá ni Ọládiípọ̀: kò sí ohun tí kò mọ̀, àfi èyí tí wọ́n bá bi í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó ń ṣe ọ́, gẹ̀gẹ̀ ni kó o wí," ó sọ, ó sì ti páálí oògùn náà bọ àpò agbádá. "Àwọn àna mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé àrùn oorun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá kùn mí lóorun tí mi ò jí ńkọ́?"

"Ìwọ? Ta ló mọ oorun sùn, tó tún mọ̀ ọ́n jí, bíi tìẹ?"

Eunice wò ó bí ẹni ń wo ìwé ìdánwò tó gba òdo.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Nọ́ọ̀sì Hussainat, tó ń kun aláìsàn lóorun, dé pẹ̀lú bírò. "Tíṣà wa, ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Kò lo nǹkan kan," Ọládiípọ̀ dáhùn. "Kódà, ẹ dín tiyín kù. Oorun ò ṣòro fún un, ìdajì á tó o."

Hussainat ò gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀yin la fẹ́ là lọ́rùn ni, sà?"

Eunice bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, oorun, ẹ̀rín, oògùn Ìlọrin. "Àpò agbádá wọn ló wà, lápá ọ̀tún."

Hussainat na ọwọ́. Ó fún Eunice ní hóró kan pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó ní oògùn tó tètè ń kúrò lára lòun máa lò, ẹnì kan yóò sì jókòó tì í títí ojú rẹ̀ yóò fi là dáadáa. "Ká ní ẹ ò sọ ni, à bá máa pè yín títí, ẹ ò ní dáhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde níbí," Ọládiípọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹnu tèmi kọ́ ló máa gbé e jáde, sà."

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Màmá Caroline, ìyá ọkọ tí ọmọ Ọládiípọ̀ fẹ́ fẹ́, gbé ọsàn wá kí Eunice. Ọládiípọ̀ dìde, ó tún agbádá ṣe.

"Èmi ni mo dúró ti àwọn dókítà! Èmi ni mo wọn oògùn oorun fún wọn!"

Ẹ̀rín ọdún mẹ́tàlélógún fò jáde lẹ́nu Eunice. Ẹyọ kan péré. Orí rẹ̀ yẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Yéè! Mo ti pa á!" Ọládiípọ̀ ké. "Èmi ni mo ní kó má sọ! Àrùn oorun yẹn, ti ìdílé wa ni! Bàbá wa ní in! Èmi náà, mo máa ń sùn nídìí ọkọ̀!"

Hussainat sáré wọlé, ó di ọwọ́ Eunice mú, ó ka bí iṣan ṣe ń lù, ó sì rọra fa àga jókòó. "Ó ń gbọ́ yín, sà. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ."

Màmá Caroline gbé ọsàn rẹ̀ sílẹ̀. "Àna wa, ta lẹ ní ó ń sùn nídìí ọkọ̀?"

Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ara Eunice fi padà bọ̀ sípò. Kò lajú. Ó fẹ́ gbọ́ èsì.