Ayọ̀rìndé àti Ọkọ̀ Onídìí Gígùn

Ọkọ ni mo yàn rí láyé mi, n kò yan ọkọ̀ rí. Ọkọ tí mo yàn, Akínyẹlé, òun ni awakọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi ń kó èrò láti Adó sí Iléṣà. Nígbà tí ó kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ti tán nílé mi. N kò mọ̀ pé ti Ayọ̀rìndé ṣì ń bọ̀.

Ayọ̀rìndé ni ọkọ ọmọ mi, Jùmọ̀kẹ́. Olùkọ́ ni ní Ìyìn-Èkìtì, ọmọ Ìgbẹ̀mọ ni, gbogbo wa sì jọ ń gbé ní Òkè-Ìlá ní Adó níbí. Ènìyàn dáadáa ni. Kò mutí, kì í jà, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: eré. Nígbà tó wà nílé-ìwé, òun ló máa ń gba ipò kìíní nínú eré sísá, láti ìgbà náà kò sì tíì dúró. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ó bá ń gbàdúrà, àmín wa kì í bá a. Ọjọ́ tí ó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Jùmọ̀kẹ́, kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́. Akínyẹlé ní, "Ọmọ yìí, fi jíà kìíní sí i ná."

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ní, pupa fòò ni, ó kéré, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, àfi kí wọ́n tẹ ìjókòó iwájú ba, kí ó wá máa rá wọlé bí ewúrẹ́ tó ń gba abẹ́ ọgbà. Nígbà tí wọ́n bí Dùnmínínú, a fara mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bí Oore-ọ̀fẹ́, a há. Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí mo há sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí akọrin méjì ń fà mí. Ọ̀kan ní, "Ẹ mí sínú, Màmá." Èkejì ní, "Ẹ mí síta." Èwo ni kí n ṣe?

Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run fi ìbejì ta wá lọ́rẹ. Ayọ̀rìndé dúró ní ilé ìgbẹ̀bí, ó wo Táyé, ó wo Kẹ́hìndé, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mọ́tò kò ní gbà wá."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹ̀mọ kò lè rìn mọ́, kò sì tíì fi ojú kan àwọn ìbejì náà. Ó wá ránṣẹ́ pé ìdúpẹ́ ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí gbogbo wa pátá wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó àwọn ọmọ òun wá ní ìdajì ìdajì bí ẹrù iṣu. Ni Ayọ̀rìndé bá ní kí n tẹ̀lé òun lọ yan ọkọ̀.

Ìdí tó fi pè mí ni pé Akínyẹlé kọ́ mi. Bí ó bá ń tún ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. "Ọwọ́ ni kí o kọ́kọ́ fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì," ni ó máa ń wí. "Bí ó bá ti gbóná kí o tó dé, ẹni tó ń tà á ti jí i sílẹ̀ dè ọ́, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ìka kan ara rẹ̀. Bí ó bá dáhùn *kó*, irin ni. Bí ó bá dáhùn *pọ̀*, wọ́n ti fi pọ́tì dí egbò ìjàǹbá."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a lọ bá Rótìmí, ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ẹnu Rótìmí dùn débi pé ó lè ta agbòjò fún ẹja.

Jíìpù ló kọ́kọ́ fi hàn wá. "Màmá, ẹ gòkè, ẹ gòkè!"

"Rótìmí, àkàbà rẹ̀ dà?"

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kọ̀. Mo gbé tòsì, ó ní ọ̀tún lòun ń wò. A fi jíìpù sílẹ̀.

Èkejì, bọ́ọ̀sì ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ààyè inú rẹ̀ tó pálọ̀. Ṣùgbọ́n Ayọ̀rìndé ti fajú ro. "Màmá, èmi tí mò ń lọ Ìyìn láràárọ̀! Bí mo bá kàn dúró ní ìkóríta báyìí, èrò ti wọlé nìyẹn."

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni Rótìmí wí. "Ẹ ó kàn máa ké, 'Ìyìn, ẹnìkan! Ìyìn, ẹnìkan!'"

"Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe kọ́ńdọ́kítọ̀."

"Ariwo kan náà ni, tíṣà."

Nígbà tí Rótìmí rẹ́rìn-ín tán, ó ṣí aṣọ lórí ẹ̀kẹta. Ó dúdú, ó ń dán bí imú ajá. Iwájú rẹ̀ wolẹ̀ bí ohun tó fẹ́ fò mọ́ ẹran, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó gùn, ó tún gùn, gíláàsì ló sì yí i ká. Ẹnu Ayọ̀rìndé là, kò lè pa á dé. "Màmá, eré wà nínú eléyìí. Ààyè náà sì wà."

Èmi ti sún sẹ́yìn. Irú ọkọ̀ yìí gan-an, dúdú, onídìí gígùn, ni wọ́n fi gbé Akínyẹlé wálé láti mọ́ṣúárì. Èmi wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, ojú mi kò sì kúrò lára gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ títí a fi dé ibi tí a sin ín sí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí irú rẹ̀ lójú títì, mo máa ń yíjú sí ibòmíràn.

Rótìmí rí ojú mi. "Màmá, mo búra, ọkọ̀ yìí kò gbé òkú rí. Ọmọ àti ajá ni àwọn òyìnbó fi ń gbé."

"Ajá tó ti kú ńkọ́?"

"Ajá tó wà láàyè ni, Màmá!"

Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tutù. Mo fìka kan ara rẹ̀ yípo: *kó, kó, kó*. Ayọ̀rìndé ṣíná sí i, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Mo wá àléébù rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, n kò rí ẹyọ kan. Etí mi ní ó dára, ojú mi ní ọkọ̀ òkú ni.

Mo lè parọ́. Bí mo bá ní ó ń wúkọ́, Ayọ̀rìndé á gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé kì í parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ènìyàn tí a bá parọ́ mọ́ lè gbèjà ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò lè sọ ju ohun tó ń sọ lọ. Mo ní, "Ọkọ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n n kò ní wọ̀ ọ́."

Rótìmí ní kí a ṣì máa gbé e lọ, bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí a gbé e délé, Jùmọ̀kẹ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà, Táyé wà lẹ́yìn rẹ̀, Kẹ́hìndé wà láyà rẹ̀.

"Bàbá Dùnmínínú, ta ló kú?"

"Ọkọ̀ wa nìyí."

"Mo ní ta ló kú?"

Ó rí ojú mi, ó sì yé e. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́. "Ọkọ̀ tí ìyá mi kò lè wọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ẹbí. Bí Màmá bá bá wa lọ sí Ìgbẹ̀mọ nínú rẹ̀, ẹ rà á. Bí wọn kò bá lọ, ẹ dá a padà lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ lọ gbé bọ́ọ̀sì."

Mo rí i tí Ayọ̀rìndé gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ náà nígbà tó gbọ́ bọ́ọ̀sì. Kò bẹ̀ mí. Ìyẹn ló ká mi lára. Ní ọjọ́ kejì ó kàn gbé garawa jáde, ó ń fọ ọkọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń nu táyà rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí Ayọ̀rìndé kí ó ṣe ohunkóhun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rí.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ti wọ inú bútù ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lọ. Ó fa nǹkan kan sókè ní ilẹ̀ ibẹ̀, ìjókòó ẹni méjì sì yọ jáde, ó kọjú sẹ́yìn. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ wá wo ilé mi! Ẹ wá jókòó."

"N kò jókòó níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Irú ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ bàbá àgbà rẹ sí."

Ó ronú sí i díẹ̀. "Bàbá àgbà dùbúlẹ̀ ni. Ẹ̀yin, ẹ jókòó."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Kí a sọ òótọ́, kò sí ibòmíràn tí mo lè jókòó. Jùmọ̀kẹ́ àti àga àwọn ìbejì ti gba àárín. Iwájú ńkọ́? Bí mo bá jókòó níwájú, ẹsẹ̀ mi a máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, n ó sì máa pe Jésù ní gbogbo kọ́nà. Ayọ̀rìndé ní Dùnmínínú ni kí ó bá òun jókòó. Mo wá rò ó pé bí mo bá kọjú sẹ́yìn, n kò ní rí ewu tó ń bọ̀. Èyí tí a ti yè nìkan ni n ó máa rí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ sùtánà funfun ìjọ wa, mo dé fìlà rẹ̀. Mo di etí bútù mú, mo pe Akínyẹlé lẹ́ẹ̀kan, mo wọlé. Jùmọ̀kẹ́ ti fi aṣọ funfun ta gbogbo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ nítorí oòrùn tó máa pa àwọn ìbejì. Ayọ̀rìndé ṣíná, iná iwájú tàn fúnra rẹ̀, kò sì gbà kí wọ́n pa òun. Rótìmí ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, pé ojú ọjọ́ ń ṣú níbi tó ti wá. Nítorí tèmi, Ayọ̀rìndé wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ bá mi kà á pọ̀. Ọkọ̀ dúdú onídìí gígùn. Aṣọ funfun lójú fèrèsé. Iná títàn nínú oòrùn. Ìrìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ti mọ̀. Ayọ̀rìndé nìkan ni kò mọ̀.

"Màmá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ wa!" ni ó ń ké láti iwájú. "Wọ́n ń yà fún wa! Ẹnìkan tiẹ̀ ṣí fìlà!"

Èmi tí mo kọjú sẹ́yìn rí ohun tí ẹni náà ṣe lẹ́yìn tó ṣí fìlà: ó fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ta ìka. Ọlọ́kadà mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan ń tẹ̀lé wa, wọn kò jẹ́ yà wá sílẹ̀. Obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì náà ń nu ojú. Mo jẹ́ kí ó máa yangàn. Lọ́jọ́ ìsìnkú lọ́hùn-ún, èmi ni mo wà lẹ́yìn, tí mò ń wo gíláàsì. Lónìí mo wà nínú gíláàsì, mò ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn. Mo rí ojú ọ̀nà tó ń sá lọ, igi, ọgbà kòkó, òkè, gbogbo rẹ̀ ń kéré sí i, kò sì sí ohun tó bani lẹ́rù nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú pé, "Akínyẹlé, bí ó ṣe rí nìyí?" Oore-ọ̀fẹ́ ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀.

Fúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀rìndé, ń fẹ́ ìrẹsì níwájú ilé wọn ní Ìgbẹ̀mọ nígbà tí a yà wọlé. Àtẹ já bọ́.

"Yéè! Òkú dé ulé o! Ayọ̀rìndé mi o!"

Gbogbo agbolé tú jáde. Ayọ̀rìndé sọ̀ kalẹ̀, eyín rẹ̀ síta. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rè é."

Fúnkẹ́ dì mọ́ ọn lọ́rùn, igbe rẹ̀ tún le sí i. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni? Jùmọ̀kẹ́ ni?"

"Èmi náà rè é, ẹ̀gbọ́n mi," ni Jùmọ̀kẹ́ wí lábẹ́ aṣọ fèrèsé.

"Àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Wọ́n ń sùn! Yéè, wọ́n ń sùn!" Táyé àti Kẹ́hìndé jí sí ariwo náà, wọ́n fi ẹkún tiwọn kún un, ni Fúnkẹ́ bá nu imú, ó ń ka orí wa. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Màmá? Wọ́n wà lẹ́yìn ọkọ̀."

Fúnkẹ́ ká ọwọ́ lérí. "Ìyá Jùmọ̀kẹ́ o! Obìnrin rere! Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣahun! Ta ni yóò tún se ọbẹ̀ ìṣápá bíi tirẹ̀?"

Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí létí ara rẹ̀? Oore-ọ̀fẹ́ la ojú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́." Fúnkẹ́ sọ̀rọ̀ ìwà mi, ó sọ̀rọ̀ orin mi, inú mi ń dùn bọ̀. Ó wá ní, "Ó kàn sanra jù ni! Mo sọ fún un nípa iyán yẹn!"

Mo fìka kan gíláàsì. *Kó, kó, kó.*

Gbogbo agbolé yíjú sí bútù. Ayọ̀rìndé sáré wá ṣí bútù náà, nítorí kò ṣeé ṣí láti inú, mo sì dìde jáde nínú aṣọ funfun, tèmi ti fìlà. "Ẹ kú ilé o."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àgbà ìjọ kan, ẹni àádọ́rin ọdún, fo ògiri. Ayọ̀rìndé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí òun ti fi pápá sílẹ̀, òun kò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ayọ̀rìndé nìkan ló kù lórí àga rẹ̀, nítorí kò lè rìn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àna mi, ẹ ti jí?"

"Mo ti jí."

"Ẹ gbé àwọn ọmọ mi wá."

Mo gbé Táyé lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, mo gbé Kẹ́hìndé lé e lẹ́sẹ̀ òsì.

Lọ́jọ́ Ajé, Ayọ̀rìndé lọ bá Rótìmí, kì í ṣe láti dá ọkọ̀ padà. Ó lọ bi í bí wọ́n ṣe ń pa iná rẹ̀ ni. Wọn kò tíì rí i pa. Àwọn ọmọdé Ìgbẹ̀mọ ti sọ ọkọ̀ náà ní Àjíǹde, orúkọ náà ti dé Òkè-Ìlá, Ayọ̀rìndé sì ti padà sí eré rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn di tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bọ́ síwájú, mo ní ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn.

Fúnkẹ́ ló kù. Mo ní kí ó wá parí èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mi sí ọmọlàkejì. Ó ní ó di ọjọ́ tí mo bá kú lóòótọ́. Mo ní n kò ní gbọ́ ọ nígbà náà. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ dúró dè é nìyẹn.