Irun Ẹlòmíràn Ni Màmá Kọ́kọ́ Dì

Òórùn òróró àgbọn ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìkàtẹ́ ló rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan nílé wa ní Ajah. Màmá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ṣèlérí pé àwọn á di ṣùkú fún mi. Àmọ́ wọ́n mú ọmọbìnrin kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé e jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, níbi tó yẹ kí n wà.

"Màmá, èmi ńkọ́?"

"Ní sùúrù. Ó máa kàn ẹ́."

Bàbá mi gbójú sókè. "Ìyá Bọ́lá, ọmọ tìẹ náà wà lára iṣẹ́ Olúwa o."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí jẹ́ẹ́jẹ́, wọn ò sì dáwọ́ dúró.

Mò ń wo ìka wọn nínú irun ẹlòmíràn, inú mi ń gbóná. Ọmọ náà tún sùn lọ lórí itan wọn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún un.

Ìgbà tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì tán ló tó kàn mí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Màmá ò tíì di irun mi dé ìdajì tí oorun fi gbé wọn lọ, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí mi. Ọrùn ń ro mí, àmọ́ mi ò mira. Ní àkókò yẹn, èmi nìkan ni mo ní wọn.