Ẹ̀rọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rù irinṣẹ́ tó ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tí mo lọ ní Kaduna. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàámi ló mú mi lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Kakuri, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń dá àwọn èèyàn dúró. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iná, ebi ò ní pa á." Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ iná nìyẹn.

Yàrá iṣẹ́ wa fẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ń gé irin àti àwọn tí wọ́n fi ń lu ú. Gbogbo wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n wá. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá yìí, ṣùgbọ́n Yorùbá kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ọgbà. Tí a bá béèrè ìgbà tí a máa lo ẹ̀rọ, á fi òyìnbó dá wa lóhùn pé a máa bà á jẹ́.

Olùkọ́ á wá ya irinṣẹ́ sójú pátákó, àwa náà á yà á sínú ìwé. Mo mọ sukudiráfà yà dáadáa. Mi ò dì í mú rí. Tó bá di wákàtí iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá á kó wa lọ roko lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àgbàdo rẹ̀ máa ń yọmọ gan-an. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé wọn ò kọ́ wa níṣẹ́ kankan.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ọkùnrin pàtàkì kan nínú ìjọba, tó ń gbé ní Malali, fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Wọ́n kun ògiri. Wọ́n yá ofaróòlù, aṣọ iṣẹ́, wá fún wa. Wọ́n bọ́ ọ̀rá kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n sì fi òróró nù ún kó lè máa dán. Kò sẹ́ni tó bìkítà pé iná ni ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ti wáyà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní kí n dúró ti èyí tó tóbi jù, nítorí pé ojú mi mọ́.

Ọkùnrin náà dé nínú babanríga tó ń gbálẹ̀, ayàfọ́tò ń sá kiri níwájú rẹ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ mi, ó sì fi Hausa sọ pé, "Ó dáa, tan án ká rí i."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan. Mo tún un tẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fò síwájú, ó tẹrí ba, ó fi Hausa kí i pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

"Ranka ya dade, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni."

Fáànù ń yí lórí wa. Ó ń yí débi pé ó ń gbé etí babanríga àlejò sókè. Gbogbo wa gbójú sókè wò ó. Ọkùnrin pàtàkì náà wò ó pẹ̀lú, ó wo ọ̀gá, ó wá mirí.

"Allah ya kyauta," ó ní, pé kí Ọlọ́run bá wa tún un ṣe. "Ọ̀rọ̀ iná orílẹ̀-èdè yìí!"

Ayàfọ́tò ní kí n fi ìka sórí bọ́tìnnì kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ẹ̀rín náà ò sì dúró mọ́. Ó ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ran gbogbo yàrá. Títí dòní, mi ò mọ èwo ni mo kẹ́gàn jù nínú àwọn méjèèjì: ẹni tó parọ́ ni, àbí ẹni tó gbà á nítorí ìrẹsì tí wọ́n sè dè é, tó ń ta sánsán láti ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe bàámi. Bó ṣe wọlé ló dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọdé ló ń ṣe é."

Ọ̀gá fi òyìnbó dá a lóhùn, òyìnbó gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé díẹ̀ ni bàámi gbọ́ nínú rẹ̀. Kò ní kó dìde. Ó sọ bí mo ṣe dójú ti ilé-ìwé níwájú ìjọba, bàámi sì ń dáhùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tí a rìn dé Makera, ó dúró, ó yíjú sí mi. Mo ti ń retí ìgbájú.

"Fáànù ọ̀hún ń yí lóòótọ́?"

"Ó ń yí, sà."

"Lójú gbogbo wọn?"

"Lójú gbogbo wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ti ògiri kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún nìyẹn," ó ní, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí níkẹyìn, pé mo mọ iṣẹ́ iná dé ojú àmì. Mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń wá òṣìṣẹ́. Ọkùnrin tó gbà mí lálejò gbé súwíìṣì tó ti jóná síwájú mi, ó ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ó na tẹ́sítà tí wọ́n fi ń dán iná wò sí mi, mo sì dì í mú bí ẹni di ejò mú. Ó béèrè ilé-ìwé tí mo ti wá. Mo sọ fún un. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀: "Wọ́n tún ti rán òmíràn wá." Ó rora gba tẹ́sítà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Orí ọ̀kadà ni mo ti sunkún délé.

Ọ̀dọ̀ Hausa kan tó ń tún ẹ̀rọ iná ṣe ní Makera ni mo ti wá kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó tọ́ka sí ẹ̀rọ kan, ó ní, "Taba shi," ìyẹn ni pé kí n fọwọ́ kàn án. Iná gbé mi ju sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ náà. Òun ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Kaduna bu ọlá fún ọ̀gá ilé-ìwé wa àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, ní gbọ̀ngàn kan. Wọ́n pè é ní baba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Yorùbá wá ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi, òwe ń gorí òwe. Bó ṣe rí mi ló na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ wò ó! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ilé tí mo ti wá. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Ọ̀gá ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó yíjú sí wọn. "Aláwàdà ni láti kékeré," ó ní. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ní ká dìde gbàdúrà fún un, mo dìde. Mi ò ṣe àmín.